Bí ẹ ṣe lè fi ẹ̀rí hàn pé ilé gbígbé ni ilé yín ti jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́: ìtọ́sọ́nà fún onílé ní Iléṣà

Tí àwọn town planning bá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri, tàbí tí wọ́n lẹ nótíìsì mọ́ ilẹ̀kùn pé ilé ìtajà ni àwọn mọ ilé yín sí, ohun tí onílé sábà máa ń kọ́kọ́ sáré mú jáde ni ìwé ilẹ̀. Wọ́n á gbé C of O (ìwé àṣẹ ìlò ilẹ̀ tí gómìnà ń fúnni) síta, wọ́n á gbé ìwé sọ́fè síta, wọ́n á tún fa ìwé tí bàbá àgbà fi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí yọ nínú àpótí. Gbogbo rẹ̀ dára, àmọ́ kò dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi yín. Ìwé ilẹ̀ ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Kò sọ bóyá èèyàn ń sùn níbẹ̀.

Pé ilé ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1975, ọ̀tọ̀ ni. Pé èèyàn ń gbé inú rẹ̀ lọ́dún 1975, tí wọ́n sì ń gbé e títí di òní, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn náà. Èyí kejì ni wọ́n ń béèrè.

Kì í ṣe ìgbà tí X bá dé nìkan ni ẹ̀rí yìí ń wúlò. Tí ìjọba bá fẹ́ fẹ títì, abala 29 nínú Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ló sọ nípa owó gbà-má-bínú fún ilé tó wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Abala 33 wá sọ pé tó bá jẹ́ ilé gbígbé ló wà níbẹ̀, gómìnà lè fún onílé ní ibùgbé mìíràn dípò owó, tó bá wù ú bẹ́ẹ̀. Ilé gbígbé ni òfin wí. Ẹni tí wọ́n bá kọ ilé rẹ̀ sílẹ̀ bí ilé ìkẹ́rùsí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó ń lọ gba àṣẹ fún ilé tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ẹni tí wọ́n ń gba owó iná oníṣòwò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ta ko ilé epo tí wọ́n fẹ́ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa bá pàdé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka nótíìsì náà tán

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wá nínú rẹ̀: òfin tí wọ́n dárúkọ, ẹ̀sùn gan-an tí wọ́n fi kàn yín, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fèsì. Ẹ kọ ọjọ́ tí nótíìsì tẹ̀ yín lọ́wọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ẹ tó já a.

Ní ti òfin, ìjọba ológun ṣe òfin ètò ìlú kan fún gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 1992, èyí tí wọ́n ń pè ní Decree 88. Àmọ́ lọ́dún 2003, nínú ẹjọ́ tí ìjọba Èkó pe ìjọba àpapọ̀, Supreme Court dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Nítorí náà, òfin àti ìlànà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kí lọ́yà yín wò kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ní ti ẹ̀sùn, “ẹ kò gba àṣẹ ìkọ́lé” àti “ẹ yí ìlò ilé padà” kì í ṣe nǹkan kan náà. Ẹ̀rí pé ẹ ti ń gbé ilé náà tipẹ́ lè pa ẹ̀sùn kejì. Kò lè di àṣẹ ìkọ́lé fún yín. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn kan wà tó rò pé tí àwọn bá ti kó ìwé iná ogún ọdún jọ, ó ti parí. Tí àṣẹ kò bá sí, ẹ máa gba ọ̀nà ti àṣẹ lọ lọ́tọ̀, pẹ̀lú pílánù tí ẹni tó mọṣẹ́ yà. Ẹ̀rí yín á wá ran ìwé náà lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù

Wọ́n á ti pè yín lórí WhatsApp pé, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, tí èèyàn bá ti gbé ilé fún ọdún mẹ́rin, ìjọba ò lè ṣe nǹkan kan mọ́.” Òfin England nìyẹn, òun náà ti yí padà. Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024, ọdún 10 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, àyàfi fún ilé tó ti di ibùgbé ṣáájú ọjọ́ náà. Onílé lè kọ̀wé sí káńsù níbẹ̀ kó sì gba ìwé ẹ̀rí pé ìlò ilé òun bófin mu. Kódà, ọdún nìkan kò tó lọ́dọ̀ wọn. Ọkùnrin kan gba àṣẹ láti kọ́ àká koríko, ó kọ́ ilé tó jọ àká lójú ìta, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí ọdún mẹ́rin pé, ó jáde pé kí wọ́n fún òun ní ìwé ẹ̀rí. Supreme Court wọn kọ̀ jálẹ̀ lọ́dún 2011, nítorí pé ẹ̀tàn ló fi dé ibi tó dé.

Ẹ má gbé ọdún 10 yẹn wá sí Iléṣà bí ẹni pé òfin wa ni. Ohun tó yẹ ká kọ́ lọ́wọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rí: ọdún kan tẹ̀lé òmíràn láìfo, tí ọ̀rọ̀ kò sì rújú. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀rí kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí tiwa. Abala 134 nínú Òfin Ẹ̀rí wa ti ọdún 2011 sọ pé nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, apá tí ẹ̀rí rẹ̀ bá tẹ̀wọ̀n jù ni kọ́ọ̀tù máa gbè. Ẹ ò nílò kí ẹ yọ gbogbo iyèméjì kúrò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ to ọdún sórí ìwé

Ẹ mú ìwé ńlá kan, ẹ fa ìlà mẹ́rin sí i: ọdún, ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀, ẹni tó lè jẹ́rìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún yìí kí ẹ máa lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ máa ń rí ìtàn tó dùn kọ nípa ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á wá di “títí di òní”. Inú “títí di òní” yẹn gan-an ni wọ́n ti máa ń gbá onílé mú.

Tí ìlà ọdún kan bá ṣófo, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná. Ó ń fi ohun tó kù láti wá hàn yín ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìwé

Nínú gbogbo ìwé, bíìlì iná ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́ nítorí ẹjọ́. Orúkọ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì wà níbẹ̀, oṣù àti ọdún wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni lẹ́tà kékeré tó sọ irú oníbàárà tí wọ́n ka ilé náà sí. Lórí bíìlì àtijọ́, kí wọ́n tó pín wa sí báńdì A dé E lọ́dún 2020, ẹ máa rí R2 tó bá jẹ́ ilé gbígbé, C1 tó bá jẹ́ ti ìṣòwò. Tó bá jẹ́ R ló wà lórí tiyín lọ́dọọdún, iléeṣẹ́ iná ti jẹ́rìí fún yín láìmọ̀. Tó bá jẹ́ C, ẹ ti mọ ibi tí wọ́n máa gbà wọlé sí yín lára, ẹ tètè wá àlàyé rẹ̀ sílẹ̀.

Orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lókè bíìlì náà tún ń sọ ìgbà. ECN ló wà kí NEPA tó dé lọ́dún 1972, PHCN bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, IBEDC sì gba tiwa níparí ọdún 2013. Ní ti rìsíìtì mítà prepaid, ẹ tètè ṣe fọ́tòkópì rẹ̀. Ooru ni ẹ̀rọ fi ń tẹ bébà yẹn, láìpẹ́ ó máa funfun báláú, ẹ ò ní rí nǹkan kan kà mọ́.

Lẹ́yìn iná, rìsíìtì tenement rate, ìyẹn owó orí ilé tí káńsù ń gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé àwọn ayálégbé: àdéhùn, rìsíìtì owó ilé, kódà ìwé kékeré tí láńdílọ́ọ̀dù fi ń kọ ẹni tó san àti ẹni tó jẹ gbèsè. Ìwé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà dára, pàápàá ibi tí wọ́n bá ti kọ owó ọdẹ tí ilé kọ̀ọ̀kan san. Káàdì ìdìbò, ìwé báńkì, ìwé NIN tí àdírẹ́sì wà lórí rẹ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá lọ sínú yàrá, ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Òkèèṣà àti Ìsọ̀kùn, ibẹ̀ ni pósítà òkú bàbá tàbí ìyá máa ń wà, tí eruku ti bò ó. Ẹ kà á dáadáa: “Àìsùn yóò wáyé ní ilé olóògbé,” nọ́ńbà ilé tẹ̀lé e, orúkọ àdúgbò tẹ̀lé e, ọjọ́, oṣù, ọdún. Ọgọ́rùn-ún èèyàn ló rí ìwé yẹn nígbà náà. Kò sẹ́ni tó ń ṣe àìsùn òkú bàbá rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí. Ìwé ìpè ìsọmọlórúkọ àti ti ìgbéyàwó ń ṣiṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá sì ṣe ìgbéyàwó ní rẹ́jísírì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ, wọ́n kọ ibi tí ọkọ àti ìyàwó ń gbé sórí ìwé ẹ̀rí wọn.

Káàdì aboyún àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára láti Wesley Guild tàbí ilé ìwòsàn mìíràn náà ní àdírẹ́sì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá, àwọn ló máa ń tọ́jú irú rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá pẹ̀lú ìwé orúkọ ọmọ.

Tí ìwé káńsù bá ti sọnù lọ́wọ́ yín, ẹ lọ béèrè ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Abala 104 Òfin Ẹ̀rí sọ pé òṣìṣẹ́ tí ìwé ìjọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti wò ó ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, tó bá ti san owó tí òfin là sílẹ̀. Òfin FOI ti ọdún 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, sì fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn ìbéèrè fún àkọsílẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà. Ìbéèrè ẹnu kò ní déètì. Ohun mìíràn tó wúlò nínú Òfin Ẹ̀rí ni abala 155: ìwé tó bá ti pé ọdún 20, tó sì ti ibi tó yẹ kó wà jáde, kọ́ọ̀tù lè gbà pé ẹni tí wọ́n ní ó fọwọ́ sí i ló fọwọ́ sí i lóòótọ́. Nítorí náà ẹ fi ìwé àtijọ́ sí ọwọ́ ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ bọ̀. Tó bá jẹ́ àpótí màmá ló ti jáde, màmá ni kó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ rìsíìtì tuntun kí ẹ fi déètì àtijọ́ sí i. Àwọn tó ń ṣe é rò pé àwọn gbọ́n. Rìsíìtì tí wọ́n kọ 1988 sí, “Osun State” wà lókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀, abẹ́ Ọ̀yọ́ la wà tẹ́lẹ̀. Òmíràn ní nọ́ńbà fóònù GSM lórí ìwé ọdún 1996, nígbà tí GSM kò dé Nàìjíríà títí di 2001. Òmíràn kọ náírà sórí rìsíìtì ọdún 1970, owó pọ́n-ún la ń ná nígbà náà, oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Ìwé ayédèrú kan ṣoṣo á ba àádọ́ta ìwé gidi jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹlẹ́rìí

Ẹ má kó ẹbí nìkan jọ. Aládùúgbò tó kọjú sí yín dára ju àbúrò yín lọ. Ayálégbé tó ti kó lọ, tí kò ní nǹkan kan jẹ nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, ló dára jù. Ẹni tó ń pín bíìlì, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní ìdojúkọ ilé láàárọ̀, ẹ má fojú kéré wọn.

Àgbàlagbà kì í fi ọdún sọ̀rọ̀, nítorí náà ọ̀nà tí ẹ gbà béèrè ṣe pàtàkì. Ẹ gbọ́ irú èyí:

“Màmá, ìgbà wo ni wọ́n kó wọ ilé yìí?”

“Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Aromọ́láràn ò tíì jọba.”

“Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀ nígbà náà?”

“Ìyá Aláàdí ló wà ní yàrá iwájú. Èmi ni mo tẹ̀lé e dé Wesley Guild nígbà tó fẹ́ bí ọmọ rẹ̀ kẹta.”

Ẹ ti rí nǹkan méjì. Ọdún 1982 ni Ọwá Aromọ́láràn, ọba Iléṣà, gorí ìtẹ́, nítorí náà wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọmọ kẹta Ìyá Aláàdí sì ní ọjọ́ ìbí, ó ṣeé ṣe kí káàdì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu ti di ìwé. Àwọn àmì mìíràn tó wúlò: ìgbà tí mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ìyẹn 1972, ìgbà tí Awólọ́wọ̀ kú, ìyẹn 1987.

Tí wọ́n bá ti sọ tiwọn, áfídáfíìtì, ìyẹn ìwé ìbúra, ló kàn, ní rẹ́jísírì kọ́ọ̀tù níwájú kọmíṣọ́nnà ìbúra. Abala 115 Òfin Ẹ̀rí kò gba àròyé tàbí èrò ọkàn nínú áfídáfíìtì. Ohun tí ẹlẹ́rìí rí tàbí mọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ fún un, kó dárúkọ ẹni náà, kó sọ ìgbà àti ibi tó ti gbọ́ ọ. “Mo mọ̀ dájú pé ilé gbígbé ni ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. “Mo gba yàrá kejì lápá òsì lóṣù kẹta ọdún 1994, èmi àti ìyàwó mi gbé ibẹ̀ títí di 2003, ìdílé méjì mìíràn sì wà ní ilẹ̀ ilé náà, a jọ ń lo ilé ìdáná kan lẹ́yìnkùlé” wúlò púpọ̀. Tí ẹlẹ́rìí kò bá mọ̀wé, wọ́n gbọ́dọ̀ kà á fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé wọ́n kà á fún un, ó sì yé e, kó tó tẹ àtàǹpàkò. Ẹ má jẹ́ kí akọ̀wé kan kọ ọ̀rọ̀ kan náà fún èèyàn mẹ́fà. Adájọ́ máa rí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àwòrán, ògiri àti sátẹ́láìtì

Google Earth Pro tó wà fún kọ̀ǹpútà ń fi àwòrán ọdún tó ti kọjá hàn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó dára láti fi hàn pé òrùlé wà níbẹ̀ lọ́dún báyìí. Àmọ́ òrùlé nìkan ló ń rí, kò rí ẹni tó sùn lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé gbogbo ẹjọ́ yín ka orí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹni tó lè ka àwòrán láti òfuurufú kó sì fọwọ́ sí ìjábọ̀, Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà: AFRIGIST tó wà nínú ọgbà OAU ti ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ náà látọdún 1972, nígbà tí wọ́n ń pè é ní RECTAS. Ohunkóhun tí ẹ bá tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, ẹ rántí ìwé ẹ̀rí tí abala 84 Òfin Ẹ̀rí béèrè, èyí tó ń sọ ẹ̀rọ tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ àti bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́.

Fọ́tò ilé sàn ju ti sátẹ́láìtì lọ. Èyí tí déètì pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn èèyàn inú fọ́tò: ibùsùn, aṣọ lórí okùn, sítóòfù, ọmọ tó ń wẹ̀ nínú bàsíà. Ẹ wo ara ògiri àti àtérígbà pẹ̀lú. Nọ́ńbà tí àwọn oníkàǹsọ́ọ̀sì kọ síbẹ̀ fún ìkànìyàn ọdún 2006 lè ṣì wà. Ami ṣọ́ọ̀kì tí àwọn alábẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ náà sábà máa ń ní déètì. Ẹ ya fọ́tò wọn kí ẹ tó kun ilé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ibi tó le

Ibi méjì ló le. Èkíní ni ṣọ́ọ̀bù iwájú. Ilé àwọn òṣómàáló (àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn) ní Iléṣà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọjà wà nísàlẹ̀, ìdílé wà lókè. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀bù pamọ́. Ẹ ya pílánù kékeré, ẹ kun yàrá tí wọ́n ń sùn sí ní àwọ̀ kan, ṣọ́ọ̀bù ní àwọ̀ mìíràn, ẹ kọ ọdún tí ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀. Onílé tó bá sọ fúnra rẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù wà ni wọ́n máa gbà gbọ́ lórí ìyókù.

Èkejì ni ọdún tí ilé pa dé. Àwọn ọmọ wà ní Èkó, bàbá ti kú, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ aládùúgbò. Tí ẹnì kan bá ń ṣọ́ ibẹ̀, kó wá sọ yàrá tó sùn sí. Tí ẹrù ìdílé ṣì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń wálé nígbà ọdún Ìwúdè àti Kérésìmesì, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò. Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni rárá fún ọdún méjì, ẹ kọ “kò sẹ́ni níbẹ̀” kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ tún sọ pé kò sí iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ilé náà ṣe láàárín ìgbà náà. Ilé tó ṣófo kò tíì di ilé ìkẹ́rùsí.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì múra de àbẹ̀wò

Ẹ to ìwé ní ọdún-ọdún, ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìwé ọdún tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kejì síwájú. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ. Fọ́tòkópì ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ojúlówó dúró sílé. Ẹ gbé ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ “received” pẹ̀lú déètì sórí èyí tí ẹ máa mú padà. Tí òṣìṣẹ́ bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀, òun máa tẹ̀ ẹ́ tó bá yá, ẹ jókòó kí ẹ dúró.

Tí wọ́n bá ní àwọn ń bọ̀ wá wo ilé, ẹ má palẹ̀ mọ́ jù. Èéfín tó ti dúdú lórí ògiri ilé ìdáná, ẹnu ilẹ̀kùn tí ẹsẹ̀ ti jẹ, ibi tí wọ́n ti ń fa ìlà gígùn ọmọ sára férémù lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i. Ẹ pe aládùúgbò kan wá jókòó tì yín, ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tó wá àti aago tó dé sílẹ̀, kí ẹ sì fún lọ́yà yín ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.